Ìrántí Tí Kì í Parẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Pápá Òfuurufú Tuskegee

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ronú nípa ìrántí àwọn tí ó sin orílẹ̀-èdè wọn nígbà ogun fi ọkàn sí. Ní ibùdó ológun tí ó wà ní ìlú San Antonio, níbi tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ogun òfuurufú ti ń gba ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ yọ àwọn fíìmù kan kúrò nínú ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni. Ìtàn àwọn ọmọ-ogun òfuurufú adúláwọ̀ tí a mọ̀ sí Tuskegee Airmen ni ó wà nínú àwọn fíìmù náà, pẹ̀lú ìtàn àwọn obìnrin tí ó wa ọkọ̀ òfuurufú fún ìjọba nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ààrẹ Donald Trump ni ó ti pàṣẹ pé kí a fi òpin sí àwọn ètò tí ìjọba fi ń fa oríṣiríṣi ẹ̀yà ènìyàn mọ́ra, àwọn aláṣẹ ológun sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà tẹ̀lé àṣẹ náà. Ariwo ta káàkiri. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n dá ìtàn náà padà sínú ẹ̀kọ́.

Ariwo náà ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó gbé dìde kò tíì kúrò nílẹ̀. Àwọn ènìyàn tí a ń wí yìí ni a fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà dá lọ́lá ní ọdún 2007. Bí ìtàn irú wọn bá lè kúrò nínú ẹ̀kọ́ lójijì, kí ni a lè pè ní ìrántí tí yóò tọ́jọ́? Àwa ọmọ Yorùbá tí a tẹ̀dó sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Màìdúgùrì àti níbòmíràn, ní ìdí tiwa láti wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

ÀWỌN WO NI?

Kí ogun tó dé, ìgbàgbọ́ àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà ni pé adúláwọ̀ kò ní làákàyè àti ìgboyà tí a fi ń jà lójú ogun bí ti aláwọ̀ funfun. Ní ọdún 1925, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun wọn tilẹ̀ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìwádìí. Àwọn ìwé-ìròyìn adúláwọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kò jẹ́ kí ìjọba sinmi, títí ìjọba fi gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1941 pé òun yóò dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú kan sílẹ̀ fún adúláwọ̀. Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wọn yóò máa gbé, ọ̀tọ̀ ni wọn yóò sì ti kẹ́kọ̀ọ́. Ìlú Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama ni a yàn fún un, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ adúláwọ̀ tí Booker T. Washington bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1881 wà níbẹ̀, ó sì ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní wíwa ọkọ̀ òfuurufú kí ogun tó kan Amẹ́ríkà.

Akẹ́kọ̀ọ́ 13 ni ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní oṣù keje ọdún 1941. Nígbà tí ó di ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 1942, àwọn 5 péré ni ó yege tí a sì fi àmì awakọ̀ òfuurufú sí láyà. Benjamin O. Davis Kékeré, ẹni tí ó di ọ̀gágun àgbà lẹ́yìn náà, wà lára wọn. Kí ètò náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 1946, awakọ̀ òfuurufú tí ó jáde níbẹ̀ ti di 992. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní nínú wọn, èyí tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ 99, dé Àríwá Áfíríkà ní oṣù kẹrin ọdún 1943. Nígbà tí ó yá, àwọn yòókù bá wọn ní ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ìrù ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ń sin àwọn ọkọ̀ òfuurufú ńlá tí ó ń ju bọ́ǹbù lọ sí ilẹ̀ àwọn ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà délé.

Àwọn tí ó wà nílé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1945, ní ibùdó Freeman Field ní ìpínlẹ̀ Indiana, a ti ọ̀gá ológun adúláwọ̀ 101 mọ́lé nítorí pé wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tí ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò ní ilé ìgbafẹ́ àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun. Ọ̀tá kan wà níwájú wọn, òmíràn sì wà lẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1948, Ààrẹ Harry Truman pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ dópin nínú iṣẹ́ ológun. Iṣẹ́ tí àwọn ará Tuskegee ti ṣe wà lára ohun tí ó la ọ̀nà fún àṣẹ náà.

ÀWỌN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN WỌN

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Àwọn awakọ̀ ni ojú ayé rí, nítorí pé àwọn ni ó wà lókè. Ṣùgbọ́n ta ni ó tẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti gbéra? Frederick Patterson, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee nígbà náà, ni ó ṣe wàhálà títí ìjọba fi gbé ètò náà fún wọn. Kò sí pápá òfuurufú tí ó tó, owó kò sì sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1941, Eleanor Roosevelt, aya Ààrẹ, wá sí Tuskegee. Ó wọ inú ọkọ̀ òfuurufú tí Charles Anderson, olùkọ́ adúláwọ̀, wà, wọ́n sì jọ fò lójú ọ̀run. Àwòrán ọjọ́ náà tàn kálẹ̀. Obìnrin yìí wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó owó ìrànwọ́ tí Julius Rosenwald fi sílẹ̀, láti inú owó náà ni a sì ti yá ilé-ẹ̀kọ́ náà ní dọ́là 175,000 láti fi ṣe pápá tí a sọ ní Moton Field.

Archie Alexander, ẹnjiníà adúláwọ̀, ni ó gba iṣẹ́ pápá náà ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣẹ́-ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà sì bá wọn kọ́ àwọn ilé tí ó wà níbẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Chanute Field ní ìpínlẹ̀ Illinois kí wọ́n tó wá máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Della Raney ni ó ṣáájú àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn obìnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa ká agbòòrùn tí awakọ̀ fi ń bẹ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lókè. Bí wọ́n bá ká ọ̀kan bí kò ti yẹ, ẹ̀mí kan lọ nìyẹn. Àwọn kúùkù, àwọn akọ̀wé, àwọn tí ó ń mójútó ojú ọjọ́, àwọn tí ó ń di ìbọn mọ́ ọkọ̀, gbogbo wọn lé ní 10,000. Bí a bá fi iye yìí wé awakọ̀ 992, a ó rí i pé lẹ́yìn ẹnì kan tí ó fò, ó tó ènìyàn mẹ́wàá tí ẹsẹ̀ wọn kò kúrò nílẹ̀.

BÍ A TI GBÉ ÌRÁNTÍ NÁÀ KALẸ̀

Ìjọba kọ́ ni ó kọ́kọ́ rántí. Nígbà tí ogun parí, a ti Moton Field pa. Àwọn ilé ibẹ̀ ń gbó lọ, iná sì jó ọ̀kan nínú àwọn ilé ńlá tí a ń kó ọkọ̀ òfuurufú sí. Àwọn ọmọ-ogun àtijọ́ náà fúnra wọn ni ó kó ara wọn jọ ní ìlú Detroit ní ọdún 1972, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń kó àwòrán àti ìwé àtijọ́ jọ, tí wọ́n sì ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan dé èkejì láti bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó gbà wọ́n ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí òfin tó tẹ̀lé wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1998, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tí ó sọ Moton Field di ibi ìrántí ti orílẹ̀-èdè. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ṣí níbẹ̀ ní ọdún 2008. Èyí tí iná jó ni a tún kọ́ ní ìrí rẹ̀ àtijọ́, òun náà sì ṣí ní ọdún 2014.

Ohun mẹ́ta ni mo rí nínú ètò yìí tí ó yẹ kí a fi ṣe àwòkọ́ṣe. Èkínní ni pé orí ilẹ̀ tí iṣẹ́ ti wáyé gan-an ni a gbé ìrántí náà kalẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí ilé tí mẹkáníìkì ti ṣiṣẹ́ àti yàrá tí a ti ń ká agbòòrùn. Èkejì ni pé òfin náà kò dá orúkọ awakọ̀ nìkan pè. Ó dárúkọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ àti ipa tí ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee kó nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ká agbòòrùn ní ẹ̀tọ́ sí ibẹ̀ bí ẹni tí ó gbé e kọ́rùn. Ẹ̀kẹta ni pé wọn kò dúró kí gbogbo wọn kú tán. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, wọ́n lọ bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn níbi tí wọ́n wà, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Lónìí, àwọn tí ó ṣẹ́kù láyé kò pọ̀ mọ́. Charles McGee, ẹni tí ó jà nínú ogun mẹ́ta, kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ní ẹni ọdún 102. Ohùn irú wọn ì bá ti wọlẹ̀ lọ bí kò bá sí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2025 kò fi lè pa ìtàn náà run. Fíìmù ni a mú kúrò. Pápá náà wà níbẹ̀, òfin náà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn sì wà níbẹ̀ láti ké. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìrántí tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba nìkan yóò máa yí padà bí ìjọba bá ti ń yí padà. Ìrántí tí ó wà lọ́wọ́ ẹbí nìkan yóò bá ẹbí kú. Èyí tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀, tí òfin sì gbè lẹ́yìn, ni ó ní ẹsẹ̀ méjì tí yóò fi dúró.

ÒTÍTỌ́ NI ÌPÌLẸ̀

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí kò dùn tó báyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ń sọ ọ́ káàkiri pé àwọn ará Tuskegee kò pàdánù ọkọ̀ ajubọ́ǹbù kan ṣoṣo rí lọ́wọ́ ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá. Ìwé-ìròyìn ti gbé e jáde kí ogun tó parí ní ọdún 1945, ó sì ti di ohun tí gbogbo ènìyàn gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òpìtàn iṣẹ́ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ wò láàárín ọdún 2006 sí 2007, wọ́n rí i pé ọkọ̀ tí ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá lé ní 20. Ó dun àwọn kan nínú àwọn àgbà náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà fi hàn pé iye yìí kéré púpọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn pàdánù.

Irọ́ tí ó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Akọni kò nílò àbùmọ́. Ẹni tí ó bá bu mọ́ ìtàn baba rẹ̀ ti fi ohun ìjà lé àwọn tí kò fẹ́ baba náà lọ́wọ́, nítorí pé bí wọ́n bá já a nínú ohun kan, wọn yóò fi ojú irọ́ wo gbogbo èyí tí ó kù. Àwọn ará Tuskegee ṣì ga lójú ayé lẹ́yìn tí òtítọ́ jáde. Ìtàn wọn tilẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

ÀWA NÁÀ Ń KỌ́?

Bí a bá ń gé igi nígbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Àwọn ọmọ wa wà nínú ogun òfuurufú yẹn. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í gba adúláwọ̀ sí ipò ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ogun òfuurufú wọn tí a ń pè ní RAF. Oṣù kẹwàá ọdún 1939 ni wọ́n tó tú ìdènà náà. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá níbẹ̀. Ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní ọdún 1945. Bankole Vivour, ọmọ Èkó bákan náà, kú lójú ogun ní oṣù kẹta ọdún 1944. Akin Shenbanjo wà láàyè rí òpin ogun, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ DFC fún ìgboyà. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọkọ̀ náà ní ‘The Black Prince’, èyí tí í ṣe Ọmọ-Ọba Dúdú. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ó mọ orúkọ wọ̀nyí? Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní àgbègbè Brixton, a ṣí ọwọ̀n ìrántí fún àwọn ọmọ-ogun Áfíríkà àti Kàríbíánì ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2017. Ogun ti parí láti ọdún 72 sẹ́yìn kí ìyẹn tó wáyé.

Èyí tí ó kan àwa tí a wà ní Òkè Ọya jù nìyí. Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní ọdún 1940, ojú òkun tí ó lọ sí Íjíbítì di eléwu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí a tú palẹ̀ wá sí Takoradi ní Gold Coast, tí ó di Gánà lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì ń fò wọ́n gba ojú ọ̀run ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Kẹ́rò. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ méje, gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1940. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni Èkó, Kánò àti Màìdúgùrì, kí wọ́n tó kọjá sí Khartoum. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni ó gba ọ̀nà náà kọjá kí ogun tó parí.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè tí Tuskegee kọ́ wa. Ta ni ó ro ilẹ̀ àwọn pápá náà? Ta ni ó ń yí àgbá epo, tí ó ń ṣọ́ ọkọ̀ lóru, tí ó ń se oúnjẹ fún awakọ̀, tí ó ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì? Ọmọ ìlú wà níbẹ̀, àlejò wà níbẹ̀. Nígbà ogun náà, àwọn ènìyàn wa ti wà ní Sábọ́n Gàrí Kánò fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tí ó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ àjò wà nínú ewu ìgbàgbé méjì. Ní ìlú tí ó ti wá, wọn yóò ní ó ti lọ, kò sí nínú ìtàn wa. Ní ìlú tí ó dé, wọn yóò ní àlejò ni, kò sí nínú ìtàn tiwa náà. Bí ó bá kú, tí àwọn ọmọ sì kó ẹrù rẹ̀ padà sílé, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ lè bá erùpẹ̀ lọ.

OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, orílẹ̀-èdè wa ń rántí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀. A ń tú ẹyẹlé sílẹ̀, a sì ń fi òdòdó sí ibi ìrántí. Ó dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí a ní ní gbogbo ìpínlẹ̀ tí a wà lè ṣe èyí tí yóò ju ọjọ́ kan lọ. Ìwé kan ṣoṣo ni a lè fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa lọ bá àwọn ìdílé tí baba tàbí ìyá wọn ṣiṣẹ́ ní pápá òfuurufú, ní bárékè, ní ilé-ìwòsàn ológun tàbí ní ọ̀nà Rélùwéè nígbà ogun yẹn. Kí wọ́n kọ orúkọ, iṣẹ́, ibi àti ọdún. Kí wọ́n ya àwòrán ìwé ẹ̀rí bí ó bá wà. Bí kò bá sì sí, kí wọ́n kọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn, kí a má baà gbé àbùmọ́ kalẹ̀ fún òtítọ́.

Kí a má sì ṣe kọ orúkọ ọmọ Yorùbá nìkan. Hausa, Ìgbò, Kànúrí àti Tífì ni ó jọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Ìwé tí a bá fi ya ara wa sọ́tọ̀ kò ní rí ẹni tí yóò bá wa ṣọ́ ọ nígbà tí a kò bá sí níbẹ̀ mọ́. Bí a bá ní ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, a lè kó o lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn aláṣẹ pápá òfuurufú, kí a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi òkúta ìrántí kan sí ibi tí iṣẹ́ ti wáyé. Wọn lè gbà lónìí, wọn lè má gbà títí di ọdún mẹ́wàá. Àwọn ará Tuskegee dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé tí wọ́n ti kó jọ ni ó sì sọ̀rọ̀ fún wọn nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀.

Àwọn tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ ní ọdún 1940 ti lọ tán láàárín wa, bí ó bá ṣẹ́kù, kò lè ju ẹyọ kan lọ níbì kan. Àwọn ọmọ wọn tí ó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn pàápàá ti di arúgbó. Kì í ṣe ìjọba ni ó ń dí wa lọ́wọ́ láti lọ jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀, kí a sì mú bírò àti ìwé dání.